Ẹran màlúù àti búrọ́kólì inú agbada: ta ló mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oúnjẹ kan ni mo fẹ́ kọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹran màlúù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n dín pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ òyìnbó tó ń jẹ́ búrọ́kólì, tí ọbẹ̀ dúdú kan tó ń dán sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Orí ìrẹsì funfun ni wọ́n ń bù ú sí. Ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan ní Kútọnu la ti jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ò sì jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ẹran yẹn ṣe rọ̀ tó. Ẹran ọjà wa tí mo mọ̀, à ń bọ̀ ọ́ pẹ́ ká tó lè rún un lẹ́nu, ṣùgbọ́n ti àwọn yẹn, iná ò tíì rí i tán tí wọ́n ti gbé e wá. Ẹran ibo ni kí n ní kí alápatà gé fún mi? Kí ni wọ́n ń fi pa á lára? Níbo lẹ ti ń rí búrọ́kólì rà láìjẹ́ pé ẹ lọ sí Kútọnu? Mùsùlùmí ni wá nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tó yẹ kí n ṣọ́ra fún nínú àwọn ọbẹ̀ inú ìgò. Gáàsì olójú méjì ni mo ní, mo sì ní àdògán èédú.

Ìyá Oníresì, Ouando

Àbúrò mi, o káre tó o béèrè ẹran kó o tó béèrè búrọ́kólì. Ibi ẹran ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí iná ni ẹran ti ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ní ti oúnjẹ yìí, ẹran ti gbọ́dọ̀ rọ̀ kó tó débẹ̀.

Màlúù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, òkè ọ̀hún ni àwọn Fúlàní ti ń dà á. Ó ti rìn, ó ti jẹko káàkiri, ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀, ẹran rẹ̀ sì yi. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń bọ̀ ọ́ pẹ́. Tó o bá máa dín in láìbọ̀, má ra ojúgun, má ra ọrùn, má ra èjìká. Sọ fún alápatà pé fílé lo fẹ́, ìyẹn ẹran gbọọrọ tó sùn sí abẹ́ egungun ẹ̀yìn. Kì í pọ̀ lára màlúù, ó sì wọ́n, nítorí náà bá a sọ ọ́ sílẹ̀ láti àṣálẹ́. Tí o ò bá rí i, gba ẹran ìdí tí iṣan funfun ò sí nínú rẹ̀, tàbí ẹran pẹlẹbẹ ti ẹ̀gbẹ́ ikùn. Ti ẹ̀gbẹ́ ikùn yẹn ni èmi fẹ́ràn jù. Ó dùn ju fílé lọ, owó rẹ̀ ò sì ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹran tí wọ́n pa ní ìdájí, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí pẹpẹ, má dín in lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa màlúù, ẹran rẹ̀ máa ń gan, ó ń tó ọjọ́ kan sí méjì nínú òtútù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Nù ún gbẹ, wé e, tì í sí fírìjì di ọ̀la.

Lọ́jọ́ tó o máa gé e, gbé e sí ibi tí omi ti ń di yìnyín fún ìṣẹ́jú 30 sí 40, kó le díẹ̀ láìdì. Mú un jáde, wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wàá rí fọ́nrán ẹran tó tò lọ sí ọ̀nà kan bí ọwọ̀ tí wọ́n dì. Ọ̀bẹ rẹ gbọ́dọ̀ dábùú wọn, kò gbọ́dọ̀ bá wọn rìn lọ. Gé e fẹ́lẹ́, bíi mìlímítà 3. Mú ẹyọ kan, fi àtàǹpàkò àti ìka fà á: tó bá fẹ́ já kíá, o gé e re. Tó bá ń nà tí kò já, ọ̀nà tó o gbà gé e ò dáa, yí ẹran náà padà kó o tó máa gé e lọ.

Mo ń bọ̀ wá sọ ti iná. Oníbàárà ti dé.

Ọmọ Aláketu

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Oníresì. Ẹ jẹ́ kí n gba ti ohun tí a ń fi pa ẹran lára sọ.

Fún ẹran ìdajì kílò: ìdajì ṣíbí tíì bicarbonate (baking soda), sọ́ọ̀sì sójà ṣíbí ìmukọ 1, omi ṣíbí ìmukọ 2, Maïzena (ìyẹ̀fun funfun ara àgbàdo) ṣíbí ìmukọ 1, òróró ṣíbí ìmukọ 1. Ẹ kọ́kọ́ fi bicarbonate, sọ́ọ̀sì àti omi pò ó, kí ẹ fọwọ́ rún un pọ̀ títí ẹran á fi mu omi náà tán, tí ìsàlẹ̀ abọ́ á gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Maïzena, òróró ló kẹ́yìn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Iṣẹ́ tí bicarbonate ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí fọ́nrán ẹran fún pọ̀ mọ́ra nígbà tí iná bá kàn án. Tí wọn ò bá fún pọ̀, omi inú wọn ò ní jáde, ẹran á sì rọ̀. Maïzena ní tirẹ̀ ń bo ojú ẹran, òun náà ló sì ń mú kí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí bicarbonate pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ o, ẹnu á gbọ́ ọ bí ọṣẹ. Ẹ má sì ṣi levure chimique mú, èyí tí wọ́n fi ń wú àkàrà òyìnbó. Wọ́n máa ń tò wọ́n sí ojú kan náà, àpò wọn sì fara jọra, ṣùgbọ́n levure ní ohun kíkan nínú, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Tí kò bá sí Maïzena, ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí nísàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́, èyí tí a fi ń ṣe tapioca, dára púpọ̀. Òun ló tilẹ̀ ń dán jù. Láfún kọ́ o, láfún ti kan.

Màmá Kétu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Kí àwa tó mọ bicarbonate, káún ló wà. Ewé ìbẹ́pẹ sì wà, ìbẹ́pẹ tútù tí kò tíì pọ́n náà wà. Ẹran tó wù kó yi, tí a bá fi ewé ìbẹ́pẹ bò ó, á gbọ́ràn. Èmi ò rò pé ó dáa kéèyàn dín ẹran màlúù láìbọ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ ná, kí ẹ tó dín in.

Ọmọ Aláketu

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Òótọ́ lẹ sọ nípa ìbẹ́pẹ. Oje ìbẹ́pẹ tútù ń tú ẹran, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìyẹ̀fun tí ń mú ẹran rọ̀ náà, òun ni wọ́n ń lò. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹran tí a gé fẹ́lẹ́ ò lè gbà á pẹ́. Tó bá ju bíi ìdajì wákàtí lọ, ojú ẹran á di múlọ́múlọ́, á ṣe bí ẹni tí wọ́n ti rún lẹ́nu. Ìbẹ́pẹ tútù tí a rin, ṣíbí tíì 1 fún ìdajì kílò ẹran, ìṣẹ́jú 15 tó.

Ní ti bíbọ̀, Màmá, tó bá jẹ́ ojúgun tàbí èjìká lèèyàn rí rà, ọ̀nà tiyín ló dáa jù. Kí ó bọ ẹran náà ní odindi pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀ títí á fi rọ̀, kí ó jẹ́ kó tutù pátápátá, kó wá gé e pẹlẹbẹ. Tí ó bá dín in, kó má pẹ́ rárá, torí pé ó ti jinná. Omi ẹran yẹn ni kó fi po ọbẹ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lójúmọ́, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Sọ́ọ̀sì sójà ṣíbí ìmukọ 1 péré ti fẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, ìkòkò tí sọ́ọ̀sì sójà bá ti wọ̀, kí kúùbù má wọ̀ ọ́, kí iyọ̀ má wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa ti mọ́ kúùbù, a kì í sè kí a má jù ú sí i. Ní ti oúnjẹ yìí, ẹ fi í sílẹ̀ o, pàápàá tí bàbá tàbí ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílé. Káún àti bicarbonate náà ní sódíọ̀mù nínú. Fún ilé tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, ẹ fi bicarbonate sílẹ̀, kí ẹ lo ìbẹ́pẹ tí Màmá sọ. Ẹ ra sọ́ọ̀sì tí iyọ̀ rẹ̀ dínkù tí ẹ bá rí i, tàbí kí ẹ fi omi là á.

Ìyá Oníresì, Ouando

Mo ti padà dé. Iná.

Gáàsì ilé ò lágbára tó iná tí wọ́n ń lò nílé oúnjẹ wọ̀nyẹn. Ìyẹn ò ní kó má dáa, àfi ká má kó ẹran púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Gbé agbada irin ka iná lófìfo. Agbada tí a fi ń dín àkàrà yẹn gan-an ni, kò sí ohun tó dáa jù ú fún iṣẹ́ yìí. Jẹ́ kó gbóná títí èéfín tín-ín-rín á fi máa yọ. Páànù tí wọ́n fi nǹkan bò kí oúnjẹ má lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ gbóná lófìfo bẹ́ẹ̀, èéfín rẹ̀ ò dára fún èèyàn. Òróró ni kó o kọ́kọ́ dà sí ìyẹn, kí iná rẹ̀ má sì le jù.

Da òróró ẹ̀pà ṣíbí ìmukọ 2 sí agbada. Èyí tí àwọn oníkúlíkúlí ń fún ní òórùn dídùn, ṣùgbọ́n ó tètè ń rú èéfín. Èyí tí ilé iṣẹ́ sẹ́ ló ń gba iná líle. Wá tẹ́ ẹran sí i, ìdajì rẹ̀ péré, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ríbi sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, yọwọ́. Má rò ó. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, kó o wá yí i.

Etí lo máa fi mọ̀ ọ́n. Tó bá ń dún ṣàà ṣàà, ó ń dín. Tí ohùn yẹn bá rọlẹ̀, tó o wá ń gbọ́ kùtùkùtù, omi ti jáde nínú ẹran, ó ti ń bọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń yi. Ẹran ti pọ̀ jù nínú agbada ni, tàbí kó jẹ́ pé iná ò tó. Kó ìdajì rẹ̀ kúrò kíá, jẹ́ kí omi yẹn gbẹ. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, kó ẹran jáde sínú àwo, kó o dín ìdajì kejì. Má bẹ̀rù tí inú rẹ̀ bá ṣì pupa díẹ̀, ó ṣì ń padà bọ̀ sórí iná, á jinná níbẹ̀.

Àdògán èédú ńkọ́? Tó o bá ń fẹ́ ẹ dáadáa, iná rẹ̀ ju ti gáàsì lọ fún dídín. Ìta gbangba ni o, má gbé e wọ ilé ìdáná tó sé mọ́.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run bù sí i fún yín. Ti ọbẹ̀ rẹ̀ àti búrọ́kólì ló kù.

Ìyá Oníresì, Ouando

Búrọ́kólì kan tó tó ọwọ́ méjì tó ẹran ìdajì kílò. Já orí rẹ̀ ní ṣùṣù kéékèèké, rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kòkòrò aláwọ̀ ewé wà tó ń fara pamọ́ sínú rẹ̀, àwọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ní. Má sọ igi rẹ̀ nù rárá. Bó èèpo líle rẹ̀, gé funfun inú rẹ̀ pẹlẹbẹ. Èmi fẹ́ràn igi yẹn ju orí lọ, ó ń dún lẹ́nu, ó sì dùn. Dà á sínú omi tó ń hó, ìṣẹ́jú kan péré, gbọ̀n ọ́n jáde, dà á sínú omi tútù, kó o wá jẹ́ kó gbẹ nínú ajere. Kó gbẹ dáadáa, torí omi ara rẹ̀ ló ń sọ ọbẹ̀ di omi ṣíṣàn.

Ọbẹ̀ rẹ̀: sọ́ọ̀sì sójà ṣíbí ìmukọ 3, ṣúgà ṣíbí ìmukọ 1, omi ẹran ìdajì ife, Maïzena ṣíbí tíì 2. Pò wọ́n sínú abọ́ kan kó o tó dáná rárá. Nígbà tí ẹran bá ti jáde, gé ayù àti atalẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú agbada kan náà, ata tó bá wù ọ́, kó ta sánsán lásán, kó má pọ́n. Fi ṣíbí ru ọbẹ̀ inú abọ́ yẹn kó o tó dà á, torí Maïzena ti rì sísàlẹ̀. Tó bá ti hó tó sì ki, da ẹran àti búrọ́kólì sí i, yí i po, ìṣẹ́jú kan, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ìrẹsì ti jinná kó o tó fọwọ́ kan agbada o. Kò sáyè láti máa wá nǹkan kiri nígbà tí iná bá ti mú.

Alhaja, Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìgò. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa ka ẹ̀yìn wọn dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ibi tí ẹ bá ti rí alcool tàbí vin de riz, ẹ gbé e padà. Ìwé oúnjẹ yìí sábà máa ń ní kéèyàn dà ọtí ìrẹsì sí ẹran, mo sì ti rí ẹni tó ní kí wọ́n fi sódàbì rọ́pò rẹ̀. Kò pọn dandan rárá. Omi ẹran àti ẹ̀kán ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó fún yín. Sauce huître, èyí tó wá láti ara ẹran inú ìkarahun, ohun inú òkun ni, mazhab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé níhìn-ín ò sì kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ka ohun mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn. Sọ́ọ̀sì sójà tí wọ́n jẹ́ kó kan fúnra rẹ̀ máa ń ní ọtí díẹ̀ tó ti ara kíkan náà jáde. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ sí ìyẹn, kó wá èyí tí wọ́n kọ halal sí lára.

Akẹ́kọ̀ọ́, Kútọnu

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Búrọ́kólì dídì wà ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá níbí. Mo máa ń gbé e bọ̀ wá fún màmá mi ní Àjàṣẹ́. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e nípọn, kí ẹ tì í sínú kúlà, kò ní yọ́ kí ẹ tó délé. Kò nílò omi gbígbóná mọ́ torí wọ́n ti bọ̀ ọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó dì. Ẹ má jẹ́ kó yọ́ tán kí ẹ tó lò ó. Ẹ dà á sínú agbada gbígbóná lọ́tọ̀, kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó pò ó mọ́ ẹran. Èyí tútù ṣì dùn jù ú lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ má jẹ́ kí àìrí búrọ́kólì dá yín dúró, ẹ̀yin ará. Oúnjẹ yìí fúnra rẹ̀, ìrọ́pò ló bí i. Àwọn ọmọ Ṣáínà tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Nílé wọn, ẹ̀fọ́ kan tó ń jẹ́ gai lan ni wọ́n ń dín, ewé rẹ̀ gbòòrò, igi rẹ̀ sì nípọn. Nígbà tí èyí ò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn níbẹ̀, wọ́n mú búrọ́kólì tí àwọn ará Ítálì gbé wọ ilẹ̀ náà. Gai lan, búrọ́kólì àti kábéèjì ọjà wa, irúgbìn kan náà ni gbogbo wọn, àwọn àgbẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa yíyan irúgbìn láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ẹni tó bá lo kábéèjì ò jìnnà sílé. Ẹ gé e fífẹ̀, ẹ dín in lórí iná líle títí etí rẹ̀ á fi jó díẹ̀. Haricot vert, ẹ̀wà tútù tí a ń jẹ tèèpotèèpo, náà dára. Ẹ̀fọ́ gbọmà ni mi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀, omi rẹ̀ pọ̀ jù fún irú iná yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀ tiwa.

Ẹni tí kò bá jẹ ẹran, kó lo wàrà, èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà lẹ́bàá ọ̀nà níhìn-ín, tí wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa. Kì í yọ́ lórí iná. Ẹ gé e ní ìgun mẹ́rin, ẹ dín in kó pọ́n ní gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ wá dà á sínú ọbẹ̀ yẹn dípò ẹran. Èmi tí mo ń jẹ ẹran gan-an, mo máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ṣúgà tí Ìyá Oníresì kà sílẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ ló ní in. Ilé iṣẹ́ tó ń fún ìrèké níbí bọ́ sọ́wọ́ Complant, ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan, lọ́dún 2003, ìyẹn ni wọ́n ṣe pè é ní SUCOBE (Sucrerie Complant du Bénin). Ìrẹsì ńkọ́? Ẹ wá ìrẹsì Glazoué. Òórùn rẹ̀ nìkan tó ọbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Inú mi dùn púpọ̀, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fílé ti wà lọ́dọ̀ alápatà di ọ̀túnla, kábéèjì ni mo sì máa fi bẹ̀rẹ̀ kí búrọ́kólì tó dé. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè ṣe é sílẹ̀ láṣàálẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé wọn?

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

Rárá o, ìyá wa, ẹ má sè é sílẹ̀ kó sun orí tábìlì, pàápàá ìrẹsì. Ìrẹsì tó bá wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan lè fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, títún un gbé kaná ò sì pa májèlé tó ti wà nínú rẹ̀.

Ìyá Oníresì, Ouando

Ohun tó o lè ṣe sílẹ̀ ni gígé. Gé ẹran, pa á lára, ṣùgbọ́n yọ bicarbonate kúrò, kó o pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀rá kan, kó o jẹ́ kó dì. Po ọbẹ̀ sínú ìgò kan, tì í sí fírìjì. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, sọ ọ̀rá kan sísàlẹ̀ fírìjì kó máa yọ́ níbẹ̀, má gbé e síta. Láàárọ̀, fún omi tó jáde nínú rẹ̀ dànù kó o tó dín in, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo máa fi ṣe gbogbo rẹ̀. Tí iná bá lọ lóru, má ṣí fírìjì wò rárá. Tó bá ti ju wákàtí mẹ́rin lọ kí wọ́n tó mú un dé, tí ẹran tó ń yọ́ yẹn ò sì tutù mọ́, má fún ọmọ jẹ.